Ìró Báàtì Létí Bàbá Mi

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń jà lé lórí: nínú àwọn tó ń fi báàtì na bọ́ọ̀lù ní àlùbami nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ta ni akíkanjú gan-an? Ṣé ẹni tó ń nà án nínú eré ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, àbí ẹni tó ń nà án nínú eré kékeré tí wọ́n máa ń parí láàárín wákàtí mẹ́ta? Àgbàlagbà méjì ni o. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Àlájì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń ta léèsì ní ọjà Aswani. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù léèsì náà, wọ́n á gbé fóònù ti páálí láti wo eré náà, wọ́n á sì máa pariwo mọ́ ara wọn bí ẹni tó ń du ilẹ̀ ìdílé. Àwọn oníbàárà tó wá ra aṣọ á dúró, wọ́n á wò wọ́n títí, wọ́n á sì bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ilé ìwé kan náà ni wọ́n jọ lọ nígbà èwe wọn. Ọmọ Èkìtì ni bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni Àlájì, ilé ìwé yẹn sì ni ọ̀gá wọn ti kó báàtì lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ, mi ò ní fi òfin eré náà dà yín láàmú. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní bólà á sáré wá, á sọ bọ́ọ̀lù aláwọ kan tó le bí òkúta. Ẹnì kejì á dúró síwájú igi mẹ́ta pẹ̀lú báàtì, pákó pẹlẹbẹ kan, á máa gbá bọ́ọ̀lù náà kí ó má bàa wó igi lulẹ̀. Igi mẹ́ta mìíràn wà níbi tí bólà ti ń sọ bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn wọn ni ọ́ńpáyà, adájọ́ eré náà, máa ń dúró sí, á kọjú sí ẹni tó ń gbá a tààrà. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń pe mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ní ófà. Eré kékeré jẹ́ ogún ófà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti àárín jẹ́ àádọ́ta, ti ọlọ́jọ́ márùn-ún kò ní iye. Ó parí.

Bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ ìyìn eré kékeré rárá. "Nínú ti ọlọ́jọ́ márùn-ún," á ní, "ta ló ń lé ọ? O lè dúró síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìgbá ẹyọ kan. Wọ́n ti pagbo yí ọ ká, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ imú rẹ, wọ́n ń retí kó o ṣe àṣìṣe kan péré. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ilẹ̀ á ti sán, bọ́ọ̀lù á máa yà síbi tó bá wù ú. Tí wọ́n bá lé ọ jáde, wàá lọ jókòó, wàá máa wo àwọn ẹlòmíì fún odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá wá gbé báàtì sókè níbẹ̀, tó nà án, ó mọ ohun tó fi ń ṣeré. Àwọn tìẹ yẹn ńkọ́, Àlájì? Òfin kì í jẹ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù dúró síbi tó wù wọ́n, ilẹ̀ tẹ́jú, èèyàn mẹ́wàá wà lẹ́yìn wọn fún ogún ófà péré. Kí ló wá ń bà wọ́n lẹ́rù?"

Àlájì á ti máa mi ẹsẹ̀. "Tíṣà, o ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rù. Ẹni tìẹ ní wákàtí kan gbáko láti fi kọ́ ọwọ́ bólà. Ó ti mọ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ló wá ń nà án, o ní ìgboyà nìyẹn! Ẹni tèmi, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó máa rí láyé ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbá a ni. Ẹ̀yin tíṣà lẹ ní ọdún mẹ́fà láti fi kọ́ ọmọ ní a, b, d. Oníbàárà tèmi ti ń yí ẹ̀yìn padà bí mo ṣe ń la ẹnu."

Wọn kì í jà lórí ti àádọ́ta ófà. Bàbá mi ní ẹni tó ń na bọ́ọ̀lù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó nà án àti ìgbà tó yẹ kó sinmi, pé ìwà àgbà ni. Àlájì á ní òótọ́ ni. Nítorí náà, kò sí ìgbádùn kankan nínú ìyẹn, wọn kì í pẹ́ lórí ẹ̀.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn, èmi nìkan ni mo sì gba báàtì lọ́wọ́ bàbá mi. Lẹ́yìn ilé wa ní Ṣógúnlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń jó irin, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ki aṣọ àkísà sínú ìbọ̀sẹ̀, ó rán ẹnu rẹ̀ pa, ó fi ṣe bọ́ọ̀lù. Kì í jẹ́ kí n gbá a. Á sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, á ní, "Fi í sílẹ̀." Á tún sọ òmíràn, "Fi í sílẹ̀." Ó dìgbà tí mo bá fi mẹ́wàá sílẹ̀ kí ó tó fún mi ní ẹyọ kan tí mo lè gbá. Nígbà tí ẹyọ yẹn bá fi máa dé, inú mi á ti hó débi pé mo lè gbá ilé náà wó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dàgbà. Inú mi máa ń tètè ru, ìyá mi ní láti inú oyún ni mo ti ń ta ìpá. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń péjọ ní pápá ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ogún ófà nìkan là ń gbá, ta ló máa fún obìnrin ní ọjọ́ márùn-ún láti fi ṣeré nílùú Èkó? Mo máa ń nà án ni. Àwọn tó bá wá wò wá á pariwo títí ohùn wọn á fi há. Bàbá mi nìkan ni kì í pariwo. Tí a bá ń padà lọ sílé, á ní, "Ìkánjú nìyẹn. Kì í ṣe agbára." Mo fẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé èmi náà wà lára àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù nà. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì fi í dù mí, inú sì ń bí mi sí i.

Nǹkan kan wà tó máa ń ṣe l'Aswani tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kì í wo fóònù. Á yí orí sí ẹ̀gbẹ́, á di ojú, á máa gbọ́. Ó ní etí la fi ń mọ ẹni tó mọ báàtì lò, pé ojú máa ń parọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ba ẹ̀gbẹ́ báàtì, tó yọ̀ lọ síbi tí ẹni tó gbá a kò fẹ́, ó ní á dún ṣá, bí ìgbà tí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bá dá. Tó bá ba ìsàlẹ̀, á dún gbì, ọwọ́ á sì dun ẹni tó gbá a. Ṣùgbọ́n tó bá ba àárín, ìró kan ṣoṣo ni, kó, kò sí ohun tó ń tẹ̀ lé e. Àlájì á fi ọwọ́ bo ojú fóònù láti dán an wò. Bàbá mi á ní, "Ó yọ̀, wọ́n ti mú un," kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù tó pariwo. Kì í ṣì í. Mo rò pé ìgbéraga ni, ìgbéraga tíṣà tí kò ní kíláàsì mọ́.

Ó yẹ ká ti fura. Ojú ẹ̀ máa ń pọ́n, ó máa ń kán oògùn sí i, ó ní àpólò ni. Àpólò wo ló ń ṣe èèyàn fún ọdún mẹ́ta? A ò bi í. Ó dẹ́kun ìwé ìròyìn kíkà, ó ní irọ́ ló kún inú ẹ̀, a sì gbà fún un, ta ni kò mọ̀ pé irọ́ ló kún inú ẹ̀? Tí a bá fẹ́ sọdá títì ní Apakun, á di èjìká mi mú, mo sì máa ń rò pé èmi ló ń dá dúró kí n má bàa já lu ọkọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó ń ṣàn lórí tábìlì, kò dúró. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Dádì, ẹ ti darúgbó o." Òun náà rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní kí n lọ gba aṣọ kan lọ́wọ́ Àlájì, mo bá àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ na bọ́ọ̀lù mẹ́ta léra léra kúrò ní pápá nínú fóònù, Àlájì ti fò dìde, ó ń jó. Bàbá mi kò dìde.

"Ẹ̀gbẹ́ ló gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí," ó ní. "Ẹni tó bá dá ara ẹ̀ lójú, iwájú ló ń gbá a sí, tààrà, kó kọjá lára bólà. Ibẹ̀ la ti ń mọ akíkanjú, bóyá ọjọ́ márùn-ún ni o, bóyá wákàtí mẹ́ta ni." Ó wá fi àgbọ̀n júwe mi. "Àwọn tiwa yìí, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ń sá fún iwájú."

"Tíṣà, fọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀ jàre," Àlájì ní.

"Dádì, ẹ ó rí i," mo ní.

"Kí ni mo máa rí?" bàbá mi ní, ó sì yí orí padà síbi fóònù.

Ní Sátidé yẹn, a pín ẹgbẹ́ wa sí méjì láti gbá ogún ófà. Ọ́ńpáyà wa kò wá, ó ní ara òun kò yá. Bàbá mi àti Àlájì ti wà lábẹ́ igi furúùtù, wọ́n wá wòran, bàbá mi sì ní kí wọ́n gbé kóòtù funfun tí ọ́ńpáyà máa ń wọ̀ wá fún òun. Ó ti ṣe ọ́ńpáyà rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú gbogbo wa dùn. Àlájì nìkan ló ní, "Tíṣà, oòrùn ń mú o," bàbá mi sì ti ń wọ kóòtù náà.

Ní ayé ìsinsìnyí, ọ́ńpáyà eré kékeré máa ń jìnnà sí igi mẹ́ta náà, nítorí àwọn tó ń gbá a kì í mọ ojú, bọ́ọ̀lù lè já bọ̀ níbikíbi. Bàbá mi sún mọ́ igi débi pé ó lè fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin tó jẹ́ bólà bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ mi ò ráyè." Ó sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan, ó tún padà wá. "Láyé tiwa," ó ní, "ibi tí ọ́ńpáyà ti máa gbọ́ bọ́ọ̀lù lára báàtì ló ń dúró sí. Ẹni tó bá jìnnà, kí ló fẹ́ gbọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ́ńpáyà àtijọ́ ṣe ń dúró lóòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ nilẹ̀ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gba iwájú. A ní oríkunkun ni, a fi í sílẹ̀.

Ó kàn mí láti gbá. Mo na bọ́ọ̀lù kejì gba ẹ̀gbẹ́, ó lọ títí dé ògiri. Bàbá mi ju ọwọ́ láti fi hàn pé ó jẹ́ ayò mẹ́rin, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́, "Ẹ̀gbẹ́." Mo na ẹ̀kẹrin, ó fò kọjá ògiri. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìyẹn mẹ́fà. "Ẹ̀gbẹ́ náà ni." Bólà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Mo rí i. Mo rí kóòtù funfun yẹn lẹ́yìn èjìká bólà, mo rí fìlà ẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbá a tààrà, tí mi ò jẹ́ kó balẹ̀, orí ẹ̀ ló ń lọ. Mo rò pé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ta ni kò ní bẹ̀rẹ̀? Mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, kí fìlà ẹ̀ já bọ́, kí Àlájì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ ju ìyẹn lọ, Ọlọ́run gbọ́. Bọ́ọ̀lù náà balẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi gan-an, bó ṣe yẹ kó rí fún ẹni tó fẹ́ gbá iwájú. Mo gbé ẹsẹ̀, mo gbá a.

Kò bẹ̀rẹ̀. Kò gbé ọwọ́ bo ojú. Ó dúró gbọnin, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe l'Aswani, ó ń gbọ́. Bọ́ọ̀lù náà bá a lójú ọ̀tún.

Àlájì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó fi bàtà sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó ká jalabíà sókè, ó ń sáré láìwo ilẹ̀. Bólà ń ké "Jésù! Jésù!" kò lè ké òmíràn. Èmi ṣì di báàtì mú. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, èmi ni mo kọ́kọ́ lanu, mo ń pariwo, "Ó yọ̀ ni! Ó yọ̀ lára báàtì!"

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò jáde wá, ó ní, "Ta ló máa ń mú bàbá rìn?" Ìyá mi ní bàbá máa ń dá rìn ni. Dókítà náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú òsì bàbá mi ti kú tipẹ́tipẹ́, pé àrùn tó máa ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀ láìdunni ló pa á, pé bàbá fúnra ẹ̀ sọ pé òun ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ojú ọ̀tún ló fi ń ríran, èyí náà kò sì rí ju ohun tó bá wà ní ọ̀ọ́kán gan-an. Òun ni bọ́ọ̀lù fọ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè rán níbẹ̀.

Ìyá mi kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, "Àpólò lẹ sọ fún mi. Ọdún mẹ́ta, àpólò." Bàbá mi ní, "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fà mí lọ́wọ́ kiri bí ewúrẹ́." Ìyẹn nìkan ni àlàyé tó ṣe fún wa.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Gbogbo wọn ló ra tèmi. Àlájì ní àmúwá Ọlọ́run ni, bọ́ọ̀lù tó bá yọ̀ kò ní olúwa. Pásítọ̀ wá sílé, ó gbàdúrà fún mi kí n má bàa dá ara mi lẹ́bi. Bólà nìkan ni, ẹni tí bọ́ọ̀lù náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò kí mi mọ́. Mo ti báàtì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mi ò sì padà sí pápá yẹn mọ́.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Àlájì ló ń wá sí Ṣógúnlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á fi ọjà sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀, á wá jókòó ní kọ̀rọ̀ ilé wa pẹ̀lú fóònù ẹ̀. Èmi máa ń wà láàárín wọn, èmi ni mò ń sọ ẹni tó ń gbá a, ibi tó gbá a sí, ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ dúró sí. Ìjà wọn ti tutù. Nígbà kan, Àlájì gbà pé eré ọlọ́jọ́ márùn-ún le ju ti kékeré lọ, bàbá mi sì fi ìbínú lu ọwọ́ àga, ó ní, "Má gbà fún mi nítorí ojú! Bá mi jà!" Àlájì gbìyànjú láti jà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún fi ń gbà fún un.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí Àlájì fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá láti kírun Àsárì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, jẹ́ ká fòpin sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Nínú gbogbo wọn, ti ọjọ́ márùn-ún, ti àádọ́ta, ti ogún, ta lo kà sí akíkanjú?"

"Lọ kírun ẹ," bàbá mi ní. "Jẹ́ kí n rò ó."

Ó ku èmi àti bàbá mi. Wọ́n ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ariwo ẹ̀ dúró, bàbá mi sì sọ̀rọ̀.

"O sọ fún wọn pé ó yọ̀."

"Sà?"

"Ọjọ́ yẹn. O ní ó yọ̀ lára báàtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò yọ̀." Ó fi ìka kan ọwọ́ àga, ẹ̀ẹ̀kan péré. "Àárín ni. Ohun tí mo gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú nìyẹn, mi ò lè ṣì í gbọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé mo rò pé ẹ ó bẹ̀rẹ̀, Dádì, mo rò pé ẹ ń rí mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbé e.

"Mo ti ń gbọ́ báàtì láti ọmọdé," ó ní. "Nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò tíì gbọ́ èyí tó mọ́ tóyẹn rí. Ìwọ náà wà lára àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù nà."

Ohun tí mo fẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Ó fún mi wàyí, kò sì sí ibi tí mo lè gbé e sí.

Àlájì padà wọlé, omi àlùwàlá ṣì wà lápá ẹ̀. "Ó ti rò ó tán?" ó bi mí.

"Mo ṣì ń rò ó," bàbá mi ní. Ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ó kọ etí sí fóònù. "Sọ fún wa, ta ló ń gbá a báyìí?"

Mo wo fóònù náà. Omi ti kún ojú mi, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní, "Ẹnì kan náà ni, sà. Ó ṣì ń gbá a."